Bí a ṣe ń darí ìpàdé ìtura-ọkàn fún ọ̀dọ́ tó ń kojú ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà lókè òkun

Ní Àkúrẹ́, a ní àwọn ọmọ tó ń dúró de físà láti lọ bá òbí wọn ní Kánádà, Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba, a sì ní àwọn tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwọn méjèèjì ni ìpàdé yìí wà fún, láti ọmọ ọdún 13 sí 17. Olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ tàbí aṣáájú ọ̀dọ́ lè darí rẹ̀.

Ọmọ 6 sí 8 ti tó, torí àwọn onítìjú kì í lanu láàárín èrò. Àgbà 2 ni kó wà níbẹ̀: ọ̀kan á máa darí, èkejì á máa wo ojú àwọn ọmọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 6 ṣe é, ìṣẹ́jú 75 lọ́sàn-án Sátidé. Ẹ to àga yípo, kí ẹ sì jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ má kó tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pọ̀. Àbúrò kò ní sọ òótọ́ lójú ẹ̀gbọ́n. Ẹ gba ìyọ̀ǹda òbí sórí ìwé, kí gbogbo wọn sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò ní jáde, àfi bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe tàbí tí ẹnìkan ń fìyà jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí kálukú sọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ẹni tó sọ ọ́, ìdí rẹ̀, àti oríkì rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lọ bi wọ́n nílé. Ẹ má fo ibí yìí o, torí orúkọ wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé kúrú lọ́hùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ 2 àti 3 ni iṣẹ́ gan-an. Howard Stevenson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pennsylvania, ló gbé ìlànà tí à ń lò kalẹ̀. Kí ọmọ rántí ìgbà tí wọ́n fojú àwọ̀ rẹ̀ wò ó, tàbí èyí tó ń bà á lẹ́rù. Láti 1 dé 10, báwo ni inú ṣe bí i tó, tàbí báwo ni ẹ̀rù ṣe bà á tó? Níbo ló ti mọ̀ ọ́n lára: àyà ni, ọ̀fun ni, àbí ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́? Kí ló ń sọ fún ara rẹ̀ lákòókò náà? Lẹ́yìn èyí, kó mí sínú, kó sì rọra mí síta. Ìdí ni pé nígbà tí àyà bá ń lù kìkì, ọ̀rọ̀ kì í wá síni lẹ́nu. Bí 8 bá ti wálẹ̀ sí 5, ọmọ lè yan ohun tó máa ṣe.

Ọ̀sẹ̀ 4 àti 5, ẹ ṣe é bí eré. Bí àpẹẹrẹ, ẹnìkan nawọ́ sí irun ọmọ náà. Ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé e káàkiri ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ní òun kò lè pe Olúwadámiláre. Kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, torí òun ni wọ́n máa fi kojú rẹ̀. Wọn á mú ìdáhùn mẹ́ta wá, ọmọ á yan ọ̀kan, á sì tún un sọ títí ohùn rẹ̀ ò fi ní gbọ̀n mọ́. Kíkúrò níbẹ̀, kíkọ déètì àti orúkọ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, fífi ẹjọ́ sun àgbà, ìdáhùn ni gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá ló dá a dúró, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wà níta. Ẹjọ́ yẹn, ó di ẹ̀yìn tó bá délé.

Ohun tó sábà máa ń ba ìpàdé jẹ́ ni ìwàásù. Bí àgbà bá ti ní, "Ṣe sùúrù, gbájú mọ́ ìwé rẹ," ọmọ tí a tọ́ láti má já àgbà lẹ́nu á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó sì parí nìyẹn. Kò ní sọ ọ́ mọ́. Nítorí náà, àgbà ni kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi bo ẹkún ọmọ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi fídíò ibi tí wọ́n ti ń pa èèyàn dúdú hàn wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí kálukú kọ nọ́ńbà àgbà 2 tó lè pè, ọ̀kan nílé níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ọmọ tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tí oúnjẹ ò wù mọ́, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èyí tó bá ní ó sàn kí òun kú, ẹ má fi sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.