Bí A Ṣe Ń Gun Alùpùpù Gba Ọ̀nà Iyanrìn Etí Òkun Lọ́jọ́ Òjò

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ alùpùpù gùn lójú títì ọlọ́dà ló gbà pé òjò ló ń ba ọ̀nà iyanrìn jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ ló ń gbéni ṣubú jù. Èyí tí òjò ti rẹ, omi díẹ̀ tó wà láàárín hóró rẹ̀ ló ń so ó pọ̀, táyà á sì rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí omi bá wá pọ̀ jù ni wàhálà tún dé.

Kí ẹ tó gbéra

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Táyà tó le koránkorán máa ń gé iyanrìn bí ọ̀bẹ ni, ó sì ń rì. Tó bá jẹ́ 30 psi (òṣùwọ̀n atẹ́gùn inú táyà) ni tiyín ń gbà, ẹ dín in kù sí nǹkan bí 20 nígbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà iyanrìn, kì í ṣe nílé. Ẹ má jẹ́ kó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí túùbù bá wà nínú rẹ̀, torí rímù lè há túùbù mọ́ òkúta, kó sì bẹ́ ẹ. Ẹ mú páḿpù kékeré dání: bí ẹ bá padà sórí ọ̀dà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i padà kí ẹ tó sáré, torí táyà rírọ̀ máa ń gbóná.

Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ pa inú gíláàsì àṣíborí, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún; èémí yín ò ní bo ojú rẹ̀. Ẹ di fóònù sínú ọ̀rá méjì. Ẹ ká etí ẹ̀wù òjò mọ́ra kí ṣéènì má bàa fà á wọlé. Tí ọ̀nà náà bá gba ibi tí òkun máa ń kún dé, ẹ béèrè àsìkò rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀. Níbi tó pọ̀ jù, wákàtí 6 ó lé díẹ̀ ló wà láàárín ìgbà tí òkun bá kún tán àti ìgbà tó bá fà tán, nítorí náà ọ̀nà tí ẹ gbà lọ láàárọ̀ lè ti di omi kí ẹ tó máa bọ̀.

Ẹ fi ojú gùn ún kí ẹ tó fi ọwọ́ gùn ún

Lójú tèmi, ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Àwọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń wá. Iyanrìn tó ṣú díẹ̀, tí kò dán, tí ojú ẹ̀kán òjò hàn lára rẹ̀, ó ti dì. Ẹ gorí rẹ̀. Èyí tó funfun, tó sábà máa ń wà lábẹ́ igi tí òjò ò tíì ráyè dé, gbígbẹ ni. Èyí tó ń dán bíi dígí, tí ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀, omi ti kún inú rẹ̀. Ẹ yà fún un. Ẹ̀bá ọ̀nà tí gbòǹgbò koríko ti di ilẹ̀ mú sì sábà máa ń le ju ojú ipa táyà ọkọ̀ lọ.

Òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń tan èèyàn o: òkè á ti ṣú, abẹ́ á ṣì gbẹ. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá fi gìgísẹ̀ bàtà gbẹ́ ẹ wò. Tí funfun bá yọ kí ó tó jìn tó ìka méjì, iyanrìn gbígbẹ ni mo kà á sí.

Lórí ìrìn

Ẹ dìde dúró lórí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn kí iwájú lè fúyẹ́. Jíà kejì dára. Iná (ìyẹn ni bí ẹ ṣe ń yí ọwọ́ kó lè sáré) kan náà ni kí ẹ máa fún un. Ọwọ́ alùpùpù á máa mì sọ́tùn-ún sósì. Ẹ jẹ́ kó máa mì, ẹni tó bá fún un mọ́wọ́ gírígírí ló ń ṣubú. Ẹ wo ọ̀ọ́kán, ẹ má wo táyà. Bí iwájú bá fẹ́ rì, iná díẹ̀ sí i ló ń yọ ọ́. Ẹ ṣe bí ẹni pé bíréèkì iwájú ò sí. Tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ dín iná kù, iyanrìn á dá yín dúró.

Ibi tí omi bá dá gọ́gọ́ sí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín kọjá ná. Tó bá ga ju àárín àgbá táyà lọ, ẹ padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má ta á: omi tó bá ti wọ inú rẹ̀ lè ba irin inú jẹ́. Ẹ tì í jáde, ẹ tú plọ́ọ̀gì wò. Tí ẹ bá la omi kọjá, ẹ máa fọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbẹ.

Bó bá rì

Lọ́jọ́ kan, mo fi ìbínú fún un níná títí ṣéènì fi wọnú iyanrìn. Ó lé ní wákàtí kan kí n tó gbẹ́ ẹ jáde. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí n ti epo, kí n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí n wọ́ iyanrìn kún kòtò táyà, kí n gbé e dìde, kí n sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní jíà kìíní. Ẹ ṣọ́ra fún sàléńsà, ó ń jóni.

Tí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ẹ fi òkúta pẹlẹbẹ tàbí pátákó sábẹ́ sítáǹdì. Bí àrá bá ń sán, ẹ kúrò ní gbangba etí omi, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Nígbà tí ẹ bá délé, iyọ̀ òkun ò ní dúró de ọ̀la. Ẹ da omi tí kò níyọ̀ sí i lára lálẹ́ ọjọ́ náà, pàápàá abẹ́ rẹ̀ àti ibi tí wáyà ti so pọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó fi ọ́ìlì pa ṣéènì.