Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nídìí fífi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ gírámà èdè Jàpáànù

Ẹ bi àwọn tó ń kọ́ èdè Jàpáànù léèrè pé irinṣẹ́ wo ló dára jù fún gírámà, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn kì í kò. Ẹnìkan á ní ìtọ́sọ́nà Tae Kim ló la òun lójú. Ẹlòmíràn á ní Tae Kim yẹn gan-an ló da òun lọ́kàn rú, pé ìkànnì Imabi ló tún ọ̀rọ̀ ṣe. Ẹni kẹta á ní àwọn méjèèjì ń fi àkókò ṣòfò, kí wọ́n yáa gba orí Bunpro lọ. Ẹni kẹrin ti wà lórí Duolingo tipẹ́, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń sọ òótọ́ nípa ara wọn. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbé òótọ́ ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù tí kò wọ̀n wò.

Mo ti rí àwọn èèyàn tó ní làákàyè, tí wọ́n sì ní ìtara, tí wọ́n pa èdè yìí tì. Kì í ṣe pé ó le jù fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ló rẹ̀ wọ́n. Ó ń dùn mí, torí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣeé yẹra fún.

Gbígba ìmọ̀ràn láìmọ ibi tí ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn dúró sí

Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́sọ́nà tí Tae Kim kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gírámà tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó wá kan desu àti masu tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú eré àti géèmù á fẹ́ràn rẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ti fi masu bẹ̀rẹ̀ fún á ní ó dojú ọ̀rọ̀ rú. Imabi ní tirẹ̀ jinlẹ̀ gan-an, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ títí dé orí èdè Jàpáànù àtijọ́. Ẹni tó ti rìn jìnnà á máa yìn ín, ẹni tó dé lánàá á rì sínú rẹ̀.

Bunpro kì í ṣe ibi tí mo máa ní kí èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa gírámà kan. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ohun tí a ti lóye sọnù: yóò gbé gbólóhùn tó ní àlàfo síwájú ẹni, yóò sì tún gbé e padà wá nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kéèyàn gbàgbé rẹ̀. Duolingo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní èdè Jàpáànù ní 2017, dára fún mímọ kana (hiragana àti katakana, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ ìró èdè náà) àti fún kí ẹ̀kọ́ lè di ohun ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n àlàyé gírámà inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá yin irinṣẹ́ kan tàbí ó bú u, ẹ bi í pé ìpele wo ló wà nígbà tó lò ó, kí ló ń lò mọ́ ọn, kí ló sì lè kà tàbí sọ báyìí tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kẹta yẹn ló ṣe pàtàkì jù, òun gan-an sì ni ẹnikẹ́ni kì í béèrè.

Àṣìṣe tó sún mọ́ èyí ni kíkó irinṣẹ́ jọ. Áàpù mẹ́fà lórí fóònù kan, tí gbogbo wọn ń ṣàlàyé te-form (ìrísí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń parí sí te tàbí de) lọ́nà mẹ́fà. Ẹ mú ibì kan fún àlàyé, ẹ mú ibì kan fún àtúnyẹ̀wò, ó tó.

Fífi lẹ́tà ABD kọ́ gírámà

Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ló máa ń fi lẹ́tà tí a mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rómají, hàn lábẹ́ gbólóhùn. Ó ń tu ojú lára, àmọ́ ó ń pa gírámà lára. Ẹ wo kiru. Bí ẹ bá rí i ní rómají nìkan, ẹ kò ní mọ̀ bóyá 切る, tó jẹ́ gígé nǹkan, tàbí 着る, tó jẹ́ wíwọ aṣọ. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà yí padà kò sì bára mu: 切る a di 切って (kitte), 着る a di 着て (kite). Bẹ́ẹ̀ náà ni kaeru: 帰る, kéèyàn padà sílé, a di kaette, 変える, kéèyàn yí nǹkan padà, a di kaete. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa pariwo pé òfin èdè yìí kò dúró sójú kan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ló ń wò bí ọ̀kan.

Lẹ́tà hiragana tó jẹ́ ìpìlẹ̀ kò ju 46 lọ, ti katakana náà kò ju bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, kí ẹ wá lọ sínú ètò áàpù náà, kí ẹ pa rómají kú pátápátá. Nínú ohun tí mo kọ síhìn-ín, mo fi rómají kún un kí ẹni tí kò tíì kà á lè bá wa lọ ni.

Jíjẹ́ kí àmì “o gbà á” tan yín jẹ

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Áàpù gbé 図書館＿勉強します wá, pé ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yẹ dí àlàfo náà. で (de) ni ìdáhùn: toshokan de benkyō shimasu, mò ń kàwé ní ilé ìkàwé. Ẹ gbà á. Lọ́jọ́ kẹta, gbólóhùn kan náà dé, ẹ tún gbà á. Nígbà tó bá yá, ojú ti mọ toshokan, ìka ti mọ de, ọpọlọ kò sì ronú mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ sọ pé ẹ wà ní ilé ìkàwé, ẹ ó kọ toshokan de imasu. Kò tọ̀nà. 図書館にいます (toshokan ni imasu) ló tọ̀nà, torí pé imasu ń sọ ibi tí ẹ wà, に (ni) ló sì ń bá a rìn. De ń sọ ibi tí iṣẹ́ kan ti ń wáyé. Áàpù náà kò ní sọ èyí fún yín, kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́. Gbólóhùn yẹn lẹ mọ̀, gírámà inú rẹ̀ kọ́.

Ọ̀nà àbáyọ kò nira. Bí ẹ bá ti gba ìbéèrè kan ní ìgbà bíi mélòó kan, ẹ yí ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ padà, kí ẹ kọ gbólóhùn tiyín, kí ẹ sì wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ọmọ Jàpáànù máa ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì HiNative. Ẹ gbà wọ́n gbọ́ bí wọ́n bá ní gbólóhùn kan kò dún bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ìdí, ẹ fara balẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n fi èdè kan tọ́ dàgbà lè mọ ohun tó tọ́ láìlè sọ òfin tó wà nídìí rẹ̀.

Jíjẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jókòó sáàárín yín àti èdè Jàpáànù

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró lé lórí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ irinṣẹ́ wọ̀nyí fi ń ṣàlàyé, a sì máa ń gbé ìṣòro àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sórí ara wa láìyẹ.

Ẹ wo は (wa) àti が (ga), àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-orúkọ, tí ariwo wọn kì í tán láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. だれが来ましたか, dare ga kimashita ka: ta ni ó wá? Ìdáhùn: 田中さんが来ました, Tanaka-san ga kimashita: Tanaka ni ó wá. Ẹ rí i pé “ni” tiwa jókòó síbi tí ga jókòó sí. Bí ó bá jẹ́ Tanaka-san wa kimashita, ohun tí a ń gbọ́ ni pé ní ti Tanaka, ó wá. Ti àwọn yòókù, a kò tíì mọ̀. Dare kò sì lè gba wa níbẹ̀ rárá. Elédè Gẹ̀ẹ́sì á ka àlàyé ojú ewé mẹ́ta lórí èyí. Àwa ti ní ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀. Mi ò sọ pé ga àti “ni” dọ́gba níbi gbogbo o: 雨が降っています, ame ga futte imasu, òjò ń rọ̀ ni, kò sí pé òjò ni ó ń rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti rọrùn fún wa, kí ló dé tí a ó fi gba ibi tó le?

Tàbí 本を持ってきてください, hon o motte kite kudasai. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé wá. Motte ni mímú, kite, tó ti inú kuru wá, ni wíwá. Bí ó bá jẹ́ mú lọ, motte iku ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó ń tẹ̀ lé ara wọn, bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

Ti ọ̀wọ̀ wá ńkọ́? Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì bọ ẹ̀rọ atúmọ̀ lẹ́nu, ó lè dá anata, ìyẹn “ìwọ”, padà fún yín. Ẹ kì í pe olùkọ́ tàbí ẹni tó jù yín lọ ní anata. Orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú san tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnni ni, tàbí sensei, ìyẹn olùkọ́, tàbí kí ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rárá, kí ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ọ̀wọ̀ náà. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín “o” àti “ẹ” kò yẹ kó ṣubú síbẹ̀.

Fífi ẹ̀rọ ṣe adájọ́

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ gbólóhùn, tí wọ́n á fi sínú Google Translate tàbí DeepL, bí ìtumọ̀ bá sì jáde dáadáa, wọ́n á ní àwọn gbà á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ni kó wá ìtumọ̀ jáde nínú ohunkóhun tí ẹ bá fún un. Ẹ kọ dare wa kimashita ka tí kò tọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí ìtumọ̀ tó jáde gún régé, kí àṣìṣe yín sì farasin sábẹ́ rẹ̀. ChatGPT àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè ṣàlàyé dáadáa, wọ́n sì lè fi ohùn kan náà sọ òfin tí kò sí níbì kankan. Ẹ lè gba àpẹẹrẹ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ yẹ òfin wò níbi tí èèyàn ti kọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àpẹẹrẹ pàápàá. Jisho, ìwé atúmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń mú gbólóhùn láti Tatoeba, àkójọ gbólóhùn tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń kọ sí. Púpọ̀ nínú ti èdè Jàpáànù tó wà níbẹ̀ ti inú Tanaka Corpus wá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó jọ, àṣìṣe sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ Jàpáànù ń kọ nǹkan bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àkójọ BCCWJ ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí èdè tí wọ́n ń pè ní NINJAL ló dára jù: ó ní ọ̀rọ̀ bíi mílíọ̀nù 100, láti inú ìwé, ìwé ìròyìn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Fífi àtòjọ JLPT ṣe òpin ìrìn àjò

Láti 2010, ìpele márùn-ún ni JLPT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ èdè Jàpáànù, ní, láti N5 tó rọrùn jù dé N1 tó le jù. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà kì í gbé àtòjọ gírámà jáde. Èyí tí ẹ ń rí lórí àwọn áàpù, àwọn tó wo ìdánwò àtijọ́ ló fojú bù ú. Ẹ lè tẹ̀ lé e, ẹ má kàn jà lórí bóyá gírámà kan jẹ́ N3 tàbí N2. Ìdánwò náà kò sì dán ọ̀rọ̀ sísọ wò.

Dídúró dìgbà tí gírámà bá parí kí ẹ tó kàwé

Kò ní parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka NHK News Web Easy, ìròyìn tí wọ́n fi èdè Jàpáànù tó rọrùn kọ, ní kété tí ẹ bá ti mọ gírámà ìpìlẹ̀. Wọ́n ń kọ bí a ṣe ń pe kanji, àwọn àmì bíi 切 àti 着, sórí rẹ̀. Ẹ fi Yomitan, ìwé atúmọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, sórí kọ̀ǹpútà, kí ìtumọ̀ lè yọ bí ẹ bá gbé atọ́ka lé ọ̀rọ̀. Bí gírámà kan bá dá yín dúró, ẹ lọ ka apá tó kan án níbi àlàyé tí ẹ ti yàn, apá yẹn nìkan, kí ẹ sì padà sínú gbólóhùn náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí atọ́ka bá yín ronú. Bí ẹ bá gbé e lé 食べられる (taberareru), ó lè ní ohun tó ṣeé ṣe ni, tàbí ohun tí wọ́n ṣe sí nǹkan, kò sì ní yan ọ̀kan fún yín. この魚は食べられる, kono sakana wa taberareru: ẹja yìí ṣeé jẹ. 魚が猫に食べられた, sakana ga neko ni taberareta: ológbò ti jẹ ẹja náà. に (ni) tó tẹ̀ lé ológbò (neko) ló tú àṣírí ẹni tó jẹun, ojú yín ló sì gbọ́dọ̀ rí i.