Bí A Ṣe Ń Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì ní Yunifásítì Ìjọba ní Nàìjíríà: Láti Orí Fọ́ọ̀mù JAMB Dé Orí Ìwé Àṣẹ

Ẹni tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì nípasẹ̀ yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà ní ẹnu ọ̀nà méjì láti gbà kọjá. Yunifásítì ló ń fúnni ní oyè, èyí tí wọ́n ń pè ní BNSc, ṣùgbọ́n NMCN, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ló ń fi orúkọ ènìyàn sínú ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Oyè nìkan kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ná gbogbo agbára wọn sórí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, tí wọn kò sì ní béèrè nípa èkejì títí ọmọ yóò fi wọ ọdún kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ to ìgbésẹ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ lè máa wo méjèèjì pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tún ìwé ẹ̀rí ṣe

Láti ilé-ìwé girama ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì, yálà nínú ìdánwò WAEC tàbí ti NECO. Físíìsì ló máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tó fẹ́ tọ́jú aláìsàn kò nílò rẹ̀, wọ́n á sì ti fi í sílẹ̀ láti SS1. Yunifásítì kan lè gba àbájáde ìjókòó méjì, kí òmíràn sì ní ti ẹyọ kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Ẹ ka ìlànà ibi tí ẹ̀ ń lọ kí ẹ tó sanwó ohunkóhun.

Ẹ tún tẹ́ ìwé NIN, ìwé ọjọ́ ìbí àti àbájáde WAEC sílẹ̀ lórí tábìlì kan náà, kí ẹ fi ìka tọ orúkọ ọmọ lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ “Adenike” lórí ọ̀kan tó sì jẹ́ “Nike” lórí èkejì, ìsinsìnyí ni kí ẹ tún un ṣe. NIN ni JAMB fi ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀, àwọn ìwé wọ̀nyí náà sì tún ni àjọ nọ́ọ̀sì yóò fẹ́ rí.

Ẹ fara balẹ̀ yan yunifásítì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dá ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní yunifásítì ní Nàìjíríà, ní 1965, ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí ní 1957 sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Yunifásítì Èkó àti Yunifásítì Ìlọrin náà ní tiwọn, wọ́n sì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ńlá tó so mọ́ wọn. LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ti ìjọba àpapọ̀ ni o, ti ìpínlẹ̀ ni o, orúkọ ilé-ìwé nìkan kò tó.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, àti NMCN ti jọ fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye àyè tí NMCN fún ilé-ìwé yẹn. Àjọ yìí máa ń dá iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà, ó sì máa ń fi orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ inú ẹ̀kọ́ náà gan-an. Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní indexing. Bí ilé-ìwé bá gba ènìyàn kọjá iye tí wọ́n dá fún un, àwọn kan yóò ṣẹ́ kù síta, máàkì ọdún kìíní ló sì sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò dúró àti ẹni tí wọn yóò darí sí ẹ̀ka mìíràn. Ìbànújẹ́ gidi ni fún ọmọ tó ti ń sọ fún gbogbo ará ilé pé nọ́ọ̀sì lòun ń kọ́. Nítorí náà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà ní ọdún kẹta níbẹ̀, kí ẹ bi í pé èèyàn mélòó ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, mélòó ló wọ ọdún kejì, máàkì wo ni wọ́n sì béèrè. Yóò sọ òótọ́ fún yín ju ìwé ìpolówó lọ.

JAMB àti ìdánwò yunifásítì

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí a ń ṣe ní UTME, ìyẹn ìdánwò ìgbaniwọlé JAMB, fún nọ́ọ̀sì ni Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místrì àti Físíìsì. Ìbéèrè 180 ni gbogbo rẹ̀, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 400. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní àyè, orí CAPS, ìkànnì JAMB tí wọ́n ti ń fúnni láyè, ni yóò ti gbà á. Ẹ má ṣe gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ ènìyàn nínú ọgbà.

Nọ́ọ̀sì tó ti jáde ní ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, tó sì ti ní ìwé RN, ìyẹn ìwé pé NMCN ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi nọ́ọ̀sì, kò nílò UTME. Fọ́ọ̀mù Direct Entry ni yóò rà, yóò sì wọlé sí ọdún kejì, bí àwọn kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn bá pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn lè wo NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni láti òkèèrè, tó ní BNSc fún àwọn tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀.

Ní ti owó, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lè tọrọ ẹ̀yáwó NELFUND, tí òfin 2024 gbé kalẹ̀. Kò ní èlé, tààrà ni owó ilé-ìwé sì ń lọ sí yunifásítì.

Bí ọdún márùn-ún ṣe ń rí

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló kún ọdún kìíní, àwọn ọmọ mìíràn sì máa ń fojú kéré rẹ̀ nítorí pé ó jọ ti girama. Ẹ kìlọ̀ fún wọn, nítorí máàkì rẹ̀ ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Láti ọdún kejì ni ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò ti wọlé, tí ìkọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yóò sì bẹ̀rẹ̀.

Ìkọ́ṣẹ́ yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká mú kíka èémí aláìsàn. Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé ẹ fẹ́ ka èémí rẹ̀, yóò yí bó ṣe ń mí padà láìmọ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ aláìsàn, yóò ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan, kò ní gbé ọwọ́ kúrò, bí ẹni pé iṣan náà ló ṣì ń kà, ojú rẹ̀ yóò sì ti wà lára àyà aláìsàn bó ṣe ń gbéra tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ á dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti wo bó ṣe ṣe é. Ìgbà tó bá ṣe é dáadáa ni wọn yóò tó fọwọ́ sí i nínú logbook rẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tó ti ṣe sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú ìwé yìí dání lójoojúmọ́, kí ó sì gba ìfọwọ́sí lọ́jọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an, nítorí nọ́ọ̀sì àgbà tó rí i lè ti kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Láti oyè dé ìwé àṣẹ

Ìdánwò àjọ nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ti yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kí ó tó gba ìwé RN. Ilé-ìwé mìíràn tún ń múra wọn sílẹ̀ fún ti agbẹ̀bí àti ti ìlera àwùjọ. Bí àyè rẹ̀ bá wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe é nígbà tí ìwé ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn oyè ni iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ ọlọ́dún kan ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń pè ní internship, lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé béèrè fún àyè internship ní ilé ìwòsàn bíi mélòó kan ní kété tí àbájáde bá ti jáde, nítorí àwọn tó ń wá a pọ̀ ju àyè lọ. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí yóò gbà níkẹyìn, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, kí wọ́n tó tún un ṣe sì ni nọ́ọ̀sì ti gbọ́dọ̀ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ náà là sílẹ̀. Kí ó tọ́jú ìwé ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà pọ̀ mọ́ ti RN.