Bí ẹ ṣe lè máa ṣọ́ ìfúnpá àti ọ́síjìn òbí yín láti orí fóònù

Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń lọ bá àwọn aláìsàn nínú ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀rọ ìwọnfúnpá, ìyẹn èyí tí a fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru sí, tó sì ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kò ṣọ̀wọ́n mọ́ nílé àwọn àgbà. Ọmọ tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun ló máa ń rà á ránṣẹ́. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé e wá, àárín aṣọ léèsì nínú àpótí ni wọ́n ti ń fà á yọ, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já.

N kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi àwọn ọmọ ni pé: ta ni yóò máa wo nọ́ńbà yìí lójoojúmọ́? Ẹnì kan ni kí wọ́n dárúkọ. Mo ní ìdí. Bàbá kan wà nítòsí ọ̀sà tí àwọn ọmọ wọn mẹ́ta ń rí ìfúnpá wọn lórí fóònù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni nọ́ńbà náà ń gòkè. Èyí àkọ́bí rò pé àbúrò òun ti pe Bàbá, àbúrò rò pé ẹ̀gbọ́n ti pè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin ni ẹnu Bàbá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá òsì kò sì ṣeé gbé mọ́. Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ fóònù, ẹ yan ẹni tí yóò máa wò ó ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́. Ẹ yan ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá rìnrìn àjò. Kí ẹ sì ti bá ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ládùúgbò sọ ọ́ pé a lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lóru.

Ní ti rírà, èyí tí a ń wé mọ́ òkè apá ni kí ẹ rà. Ti ọrùn ọwọ́ máa ń ṣìnà bí ọwọ́ bá kàn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àyà. Aago ọwọ́ tí wọ́n ń tà pé ó ń wọn ìfúnpá láìwé ohunkóhun mọ́ apá, n kì í gba nọ́ńbà rẹ̀ wọlé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá orúkọ ẹ̀rọ náà lórí STRIDE BP ní íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ ti dán wò tó sì yege ni wọ́n tò síbẹ̀.

Kọ́ọ̀fù, ìyẹn aṣọ tí a ń wé mọ́ apá, ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Màmá kan ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, apá wọn sì ki dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọn ìfúnpá wọn pẹ̀lú kọ́ọ̀fù tó bá ẹ̀rọ wá, 178/104 ló kà. Oògùn méjì ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì í jẹ ẹ́ níjẹkújẹ, nítorí náà ọkàn wọn dàrú. Mo ní kí ọmọ-ọmọ wọn lọ yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ ìsàlẹ̀. Mo fi téèpù yí apá wọn ká ní àárín méjì èjìká àti ìgúnpá: 37 sẹ̀ǹtímítà. Mo yí kọ́ọ̀fù náà síta, mo sì fi ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ han Màmá: 22–32. Kọ́ọ̀fù tó bá kéré fún apá máa ń fi kún nọ́ńbà. A ra ti 32–42, mo padà wá ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, a wọ̀n ọ́n: 152/90. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí dókítà yóò fi sáré lé oògùn kẹta sí i. Ẹ yá téèpù aránṣọ kí ẹ tó rà.

Síso ẹ̀rọ mọ́ fóònù kò le. Ẹ fi áàpù ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sórí fóònù tó wà nílé pẹ̀lú òbí yín, kì í ṣe fóònù yín tó ń bá yín lọ síbi iṣẹ́. Ẹ tan Bluetooth. Inú áàpù ni kí ẹ ti wá ẹ̀rọ náà, ẹ má ṣe wá a láti ibi ètò Bluetooth ti fóònù fúnra rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ ní láti tan location, ìyẹn ètò tó ń sọ ibi tí fóònù wà, pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù kò ní rí i. Ẹ di bọ́tìnì Bluetooth ara ẹ̀rọ mú títí àmì rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ sì jẹ́ kí méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà. Bluetooth kì í jẹ dátà. Láti ẹ̀rọ dé fóònù Màmá, ọ̀fẹ́ ni. Láti fóònù Màmá dé ọ̀dọ̀ yín ni dátà ti ń wọ̀ ọ́. Bí áàpù tiyín kò bá lè pín nọ́ńbà fún ẹlòmíràn, kí ọmọ ilé ya àwòrán ojú fóònù, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọ̀nà yẹn náà dára.

Bí fóònù bá kú nítorí àìsí iná, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi nọ́ńbà pamọ́ sínú ara wọn títí fóònù yóò fi jí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, ẹ wo aago àti ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Ó lè ti padà sí ọdún tó ti kọjá, tí nọ́ńbà òní yóò sì lọ tò sábẹ́ ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní yẹ̀ wò.

Bí bàbá àti ìyá bá jọ ń lo ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ sábà ní àyè fún ẹni kìíní àti ẹni kejì. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn: 1 Bàbá, 2 Màmá. Mo ti rí ìwé ìfúnpá ìyá kan tí ti ọkọ rẹ̀ dà pọ̀ mọ́, tó ń fò láti 118 sí 160 bí ẹní ń jó. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń wá ìdí rẹ̀.

Wíwọ̀n gan-an ńkọ́? Kí òbí yín ti tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé ìfúnpá sókè. Kí wọ́n má tíì mu kọfí, kí wọ́n má sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé. Ó kéré tán, kí ààbọ̀ wákàtí ti kọjá. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì. Kí apá wà lórí tábìlì, ní ọ̀gangan ọkàn. Orí awọ ara ni kọ́ọ̀fù ń lọ, kì í ṣe orí apá bùbá, kí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì fi bí ìka méjì ga ju kọ̀rọ̀ ìgúnpá lọ. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ló máa ń le jù fún Màmá ẹlẹ́ja.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, ṣé o gbọ́ iye tí wọ́n ń dá lé agbọ̀n ẹja kan láàárọ̀ yìí?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n tán ná. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, á gòkè."

"Ó dáa, mo ti dákẹ́."

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn àti lálẹ́. Bí dókítà bá fẹ́ mọ bí oògùn ṣe ń ṣe, ọjọ́ méje ni kí ẹ fi ṣe é. Ti ọjọ́ kìíní kì í wọ inú ìṣírò, torí ara kì í balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nílé, bí ìpíndọ́gba bá dé 135/85 tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀. Bí ó bá dé 180/120, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ojú ń ṣú, tí orí ń fọ́ wọn gidigidi, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ara ń rọ, ẹ má dúró tún un wọ̀n, ọsibítù tààrà. Bí kò bá sí èyí tó ń ṣe wọ́n, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi oògùn kún oògùn fúnra yín.

Ẹ̀rọ ọ́síjìn ni èkejì, kékeré tó dà bíi péègì aṣọ, tí a ń ki ìka bọ̀. Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló gbé ìmọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1974. Iná pupa kan àti iná mìíràn tí ojú kò lè rí ló ń gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn kì í fa iná méjèèjì mu bákan náà pẹ̀lú èyí tí kò gbé e, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò. Ohunkóhun tó bá dí iná lọ́nà ń ba ìṣírò jẹ́. Ìyàwó ilé kan pè mí ní ọ̀gànjọ́ òru pé ọ́síjìn ìyá ọkọ òun ti jábọ́ sí 86. Wọ́n ti ń wá mọ́tò. Mo bi í bóyá ìyá ń mí gúlegúle. Ó ní rárá, wọ́n jókòó, wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo ní kó tan iná fóònù sí ìka wọn ló rí i: làálì ìgbéyàwó ọjọ́ Àìkú dúdú kirikiri lórí èékánná. A gbé ẹ̀rọ sí ìka tí làálì kò dé, ó sì kà 97. Kúútẹ́ẹ̀sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tútù pẹ̀lú. Ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó móoru, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ títí nọ́ńbà yóò fi sinmi. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n ní apá tí kọ́ọ̀fù ń fún lọ́wọ́.

95 sí 100 ló dára. Bí ó bá wà láàárín 90 sí 94, ẹ pe dókítà. Bó bá kéré ju 90 lọ, ẹ gbéra lọ sí ọsibítù, àyàfi bí dókítà bá ti fún yín ní nọ́ńbà mìíràn nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ti pẹ́ lára.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú mọ̀. Ní ọdún 2020, àwọn dókítà láti Michigan, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde: iye ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, bí mo bá rí 94 lára bàbá tí ihò imú rẹ̀ ń gbòòrò, tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó mí, ọsibítù là ń lọ. Bákan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀. Ó máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ dípò ọ́síjìn, ẹ̀rọ kò sì mọ ìyàtọ̀. Ó lè kà 98 lára ẹni tó ń kú lọ. Bí ẹ bá bá òbí yín tí orí ń fọ́ wọn, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún nítòsí fèrèsé, ẹ gbé wọn jáde síta kíákíá, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ. Ẹ̀rọ lè dúró.

Màmá ẹlẹ́ja ti mọ̀ ọ́n lò dáadáa báyìí. Ọmọ-ọmọ wọn ló ń tẹ bọ́tìnì kó tó lọ síléèwé, nọ́ńbà á sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Ajah kó tó gbéra lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà tún ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì pẹ̀lú okùn: ọjọ́, aago, nọ́ńbà méjì òkè àti ìsàlẹ̀, ọ́síjìn, oògùn tí wọ́n lò. Bí mo bá wọlé, ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ ń ṣí.