Mílílítà Ẹ̀jẹ̀ Mélòó?

Ìbéèrè kẹrìnlá ló bí mi nínú jù lórí fọ́ọ̀mù tí mo fi tọrọ àṣẹ ìwádìí: mílílítà ẹ̀jẹ̀ mélòó ni ẹ máa gbà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan? Èmi tí mo fẹ́ jókòó ti àwọn ìyá àgbà l'Ọ́fà, kí n bi wọ́n bí ọdún tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ ìgbóná, smallpox, ṣe rí. Ẹ̀jẹ̀ wo? Mo kọ "kò sí" síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n dá ìwé padà fún mi pé mi ò dáhùn ìbéèrè kẹrìnlá.

Ìwé àṣẹ ìwádìí ni mò ń sọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ethical, tí ìgbìmọ̀ kan máa ń fúnni kéèyàn tó lè lọ ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Mo ti fọkàn sí i pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, pé ₦10,000 á sì tó o. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mélòó kan ló gbà. Owó tó bá a lọ lé ní ₦60,000, ká má tíì ka owó ọkọ̀.

Kí ẹ lè mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe: ìtàn ìṣègùn àti àṣà tó rọ̀ mọ́ ọn là ń kọ́ ní ẹ̀ka wa, níhìn-ín n'Ílọrin. Bí àwọn àlùfáà ṣe ń fi hàntú àti tírà tọ́jú aláìsàn, bí àwọn tó ń to eegun ṣe ń to eegun, bí ọsibítù àkọ́kọ́ ṣe wọ ìlú, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn ní oníṣègùn ni wá, àwọn oníṣègùn ní òpìtàn ni wá. Ìyá mi ní tòun ò le: òun bí ọmọ tó ń kàwé nípa abẹ́rẹ́, tí kò sì lè gún èèyàn ní abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ másítà mi dá lórí bí wọ́n ṣe gún àwọn ará gúúsù Kwara lábẹ́rẹ́ ìgbóná láti 1967. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọdún yẹn kan náà ni ètò ńlá láti pa àrùn náà run bẹ̀rẹ̀ ní ogún orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Áfíríkà. Ìbọn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, ohun èlò tó ń fi agbára ti oògùn wọ awọ láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1970 ni wọ́n rí aláìsàn ìgbóná tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ó sì di 1980 kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé kò sí i mọ́ níbikíbi láyé. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti lé ní àádọ́rin báyìí. Ojoojúmọ́ ni àwọn tó lè sọ ọ́ fún mi ń dín kù, fọ́ọ̀mù sì ń lọ, fọ́ọ̀mù ń bọ̀.

Kíkọ orí kìíní àti ìkejì, mi ò ní fi dà yín láàmú, ẹnikẹ́ni tó ti ṣe másítà mọ̀ ọ́n. Kàdúná náà, mo lọ, mo bọ̀: Àríwá ni òyìnbó ka Ìlọrin mọ́, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà níbẹ̀ ni fáìlì wa wà. Ọjọ́ márùn-ún, eruku, fọ́tókọ́pì, ó parí.

Mi ò ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ ò wúlò o. Èmi gan-an ni mo máa ń ran ọ̀gá mi lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì nípa Tuskegee l'Amẹ́ríkà. Láti 1932 títí di 1972 ni wọ́n fi ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ní sífílíìsì níran níbẹ̀, wọn ò fún wọn ní penisilíìnì nígbà tó ti dé. Mo ń kọ́ wọn nípa Kánò ní 1996, nígbà tí wọ́n kó igba ọmọdé sínú ìdánwò oògùn Trovan, tí mọ́kànlá nínú wọn kú. Ìwé àṣẹ tí wọ́n gbé jáde fún tìyẹn, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n wá fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. Nítorí náà mo mọ ohun tí ìgbìmọ̀ ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mú ju bírò àti fóònù dání, ṣé ẹni tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ ló yẹ kí wọ́n fi í wé?

Nígbà tí mo pa dà lọ nípa ìbéèrè kẹrìnlá, akọ̀wé wọn, ìyá kan tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ọmọ mi, nọ́ńbà ni wọ́n ń bèèrè. Kọ òdo." Mo kọ 0. Ó kọjá. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí òdo!

Mo rò pé ó tán. Wọ́n ní kí n lọ túmọ̀ ìwé ìfọwọ́sí tí àwọn àgbà máa buwọ́ lù sí Yorùbá, kí ẹlòmíì tún Yorùbá náà túmọ̀ padà sí òyìnbó, kí àwọn fi wé ti àkọ́kọ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Mo túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi, mo sì fara balẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ àgbà ò fẹ́ kéèyàn máa pe Ṣọ̀pọ̀nná lórúkọ gbàlàjà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àrùn nìkan kọ́, òrìṣà ni, ọba ni. Torí náà mo kọ "Olóde" bí àwọn àgbà ṣe ń pè é. Mo gbé e fún ọmọ tó ń tẹ̀wé ní Tankẹ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ní àmì, ó tẹ "Olode" lásán. Ẹni tí wọ́n gbà pé kó tún un túmọ̀, ₦15,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó rí "ọlọ́dẹ". Bí ìwé mi ṣe dé iwájú ìgbìmọ̀ nìyẹn, tó ń sọ fún wọn pé mo fẹ́ bi àwọn àgbà Ọ̀fà nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n gbà nítorí mégádì.

Ìgbìmọ̀ kọ̀wé: kí ni ó kan àwọn tó ń ṣọ́ ilé nínú ìwádìí yìí? Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ kì í jókòó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóṣù, ìyẹn ni pé oṣù kan tún ti lọ. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù mi, ohùn àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀, ojú ìwé mẹ́rin. Kò sí ìwé ìfọwọ́sí kankan nínú fáìlì wọn tó ní àmì tó tèmi, mo fi ọwọ́ sọ̀yà.

Inú oṣù yẹn ni bàbá Àjàṣẹ́-Ìpo kú. Òun ló máa ń ru àpótí tí wọ́n ń kó ìbọn abẹ́rẹ́ sí tẹ̀ lé àwọn agúnabẹ́rẹ́ láti abúlé dé abúlé. Mo ti kí i lẹ́ẹ̀kan rí, ó ní kí n pa dà wá, òun máa sọ ẹni tó sá wọ oko àti ẹni tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un pé mi ò tíì gbàwé. "Ìwé kẹ̀?" ló sọ. Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú rẹ̀ ni mo fi dé Àjàṣẹ́. Mi ò ní ohun kankan láti kọ sílẹ̀ fún orí kẹrin níbi tó yẹ kó wà.

Tó bá jẹ́ ìsinsìnyí ni, màá kọ́kọ́ bèèrè bóyá fọ́ọ̀mù kékeré wà fún àwọn tí kì í gba ẹ̀jẹ̀. Ó wà! Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, àfi ìgbà tí mo ti parí. Màá sì kọ ọ́ sínú ìwé látìbẹ̀rẹ̀ pé ohùn tí mo gbà sórí fóònù tó fún ìfọwọ́sí, nítorí ìtẹ̀ka. Ẹ má gbé ìtẹ̀ka lọ bá àgbàlagbà lágbègbè wa. Ní Omù-Àrán, bàbá kan bi mí pé èló ni wọ́n fẹ́ ra ilẹ̀ náà. Mo ní kò sí ilẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n òun náà nìyẹn kó tó tẹ ìka. Mo fún un lómi mu, ó fún mi ní obì, a ò tẹ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Ìwé àṣẹ jáde nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà ní Gáréèjì Ọ̀fà.

Màmá tí mo kọ́kọ́ bá ká ọwọ́ búbá rẹ̀ sókè kí n tó jókòó tán, ó fi àpá abẹ́rẹ́ hàn mí ní apá òsì. "Ohun tí o wá wò kọ́ nìyí?" Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ìwé yìí fún yín. Ìgbìmọ̀ ti fi gbólóhùn kan sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, wọn ò gbà kí n yọ ọ́: pé ẹ̀jẹ̀ tí a máa gbà lára yín kò ní ju mílílítà òdo lọ. Mo kà á dé ibẹ̀. Màmá fa ọwọ́ búbá rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀?"

Ààbọ̀ wákàtí ni mo fi bẹ̀ ẹ́.