Bẹ́ ẹ ṣe máa po POP kó lè dì dáadáa

Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ yanjú eléyìí: POP (plaster of Paris) ò le torí pé ó gbẹ o, omi tó mu ló mú un le. Òkúta jípúsọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe é, omi sì wà nínú òkúta yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n á wá yan án nínú iná tó gbóná tó nǹkan bíi 150°C títí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi yẹn á fi lọ, ohun tó kù ni páúdà funfun tó wà nínú àpò. Tẹ́ ẹ bá ti wá da omi pọ̀ mọ́ ọn, ńṣe ló ń gba omi tí iná gbà lọ́wọ́ ẹ̀ padà. Á kọ́kọ́ yòrò díẹ̀, kírísítà, ìyẹn horo wẹ́wẹ́ bíi ti iyọ̀ àmọ́ tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, á wá máa hù, wọ́n á kọjá sínú ara wọn, wọ́n á há mọ́ra pinpin. Ó ti padà di òkúta nìyẹn. Kódà abẹ́ omi ló wà, ó máa dì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má da àṣẹ́kù sínú síǹkì.

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn omi o. Páúdà 100 gíráàmù, omi tí kò tó 19 gíráàmù ló nílò láti dì, àmọ́ ìyẹn ò ṣeé rò rárá, nǹkan bíi 60 sí 70 la máa ń lò. Omi tó ṣẹ́ kù á gbẹ, á fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, torí náà bómi bá ṣe pọ̀ tó ni POP máa rọ̀ tó.

Omi ló ń kọ́kọ́ wọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó máa wọ́n páúdà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì kó mumi, ẹ wá rò ó jẹ́jẹ́. Ẹ má rò ó jù, torí kírísítà tó bá dá sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ni òmíì á tún máa hù lára ẹ̀, á sì dì kẹ́ ẹ tó dà á. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí èyí tó ti dì tẹ́lẹ̀ lẹ̀ mọ́ ṣe ń bá iṣẹ́ jẹ́ náà nìyẹn, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Iyọ̀ díẹ̀ tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á mú un yá, citric acid (ohun kíkan inú ọsàn) bíńtín á fà á sẹ́yìn.

Tó bá ti ń ki, ẹ má bu omi kún un mọ́, kírísítà tẹ́ ẹ bá já ò ní padà so pọ̀. Ẹ pò míì.

Ó máa gbóná bó ṣe ń dì, ó sì máa wú díẹ̀, wíwú yẹn ló ń jẹ́ kó wọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú móòdù, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ dà á sí kó lè gba ìrísí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ láti fi ṣe ère ọwọ́, pàápàá ọmọdé, mo bẹ̀ yín, ooru yẹn ti jó àwọn kan débi tí wọ́n fi gé ìka wọn.

Tó bá ti ń tutù, ẹ yọ ọ́ nínú móòdù. Omi tó ṣẹ́ kù lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ, atẹ́gùn ló dáa jù, tó bá sì jẹ́ iná lẹ fẹ́ lò, ẹ má jẹ́ kó kọjá 45°C, torí tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ omi tó dì í mú, á wá máa bu bí ẹfun.