Ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín rí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì mú: bí ẹ ṣe lè ta iṣẹ́ ọwọ́ láti Kàbà dé Àbújá

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń hun aṣọ, tẹ́ ẹ̀ ń rán báàgì, tẹ́ ẹ̀ ń sín ìlẹ̀kẹ̀, tẹ́ ẹ̀ ń hun agbọ̀n àti ẹní, tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ọṣẹ dúdú ní Kàbà, Ìyàrà, Mopa, Ìsánlú títí dé Ẹ̀gbẹ̀, nílẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa ni pé kọ́sítọ́mà ò sí, pé bóyá téèyàn bá sanwó àdífátì lórí Facebook ọjà á máa tà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, tó lò ó, tó dùn mọ́ ọn, òun gan-an ni ọjà yín, òun ló máa mú ẹlòmíì wá, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀ lórí fóònù mọ́ tó bá ti sanwó tán.

Ẹ wo bí agbègbè wa ṣe rí ná. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí owó wà lọ́wọ́ wọn ò sí nílé, wọ́n wà l'Ábújá, wọ́n wà ní Lọ́kọ́ja, Èkó, Kàdúná, àwọn míì ti sọdá sókè òkun. Wọ́n á wálé fún Kérésì, fún Àjíǹde, fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó, wọ́n á lo ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún lọ. Ẹni tó ra báàgì kan lọ́wọ́ yín ní December tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ l'Ábújá, ṣé ẹ rò pé wọn ò ní bi í pé níbo ló ti rí i? Tí kò bá lè mú nọ́ńbà yín jáde lójú ẹsẹ̀, ọjà ti bọ́ nìyẹn. Torí náà ẹ rán lébẹ́ẹ̀lì kékeré sínú báàgì, kí nọ́ńbà yín wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ra ìwé kan tẹ́ ẹ ó máa kọ orúkọ oníbàárà sí, nọ́ńbà WhatsApp ẹ̀, ohun tó rà, àwọ̀ tó mú, iye tó san àti ẹni tó rà á fún. Ẹ má fojú kéré ìyẹn tó kẹ́yìn yẹn o. Tí mọ̀mọ́ kan bá ra ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyàwó ọmọ ẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ lè pè é lọ́dún tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ ní "Mà, mo ti ṣe yẹtí tó bá ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó wa yẹn mu." Kò sí àdífátì tó lè bá èèyàn sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ iye owó ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń dun àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jù. Owó òwú nìkan la máa ń kà, a kì í ka ọwọ́ wa mọ́ ọn. Ká ní báàgì kan tẹ́ ẹ fi aṣọ òfì ṣe, òwú jẹ́ ₦4,500, síìpù àti aṣọ inú ẹ̀ ₦1,800, owó ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi lọ ra òwú, tẹ́ ẹ bá pín in sórí báàgì kọ̀ọ̀kan, ₦700. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦7,000. Aládùúgbò yín á ní kẹ́ ẹ tà á ní ₦9,000, ẹ ó sì máa rò pé ẹ jèrè ₦2,000. Àmọ́ ọjọ́ méjì gbáko lẹ fi hun aṣọ ẹ̀ tẹ́ ẹ sì fi rán an. Ẹni tó lọ bá wọn roko lójúmọ́ kan, ṣé ọ̀fẹ́ ló ń ro ó? Tẹ́ ẹ bá ka ọjọ́ kan sí ₦5,000, ọjọ́ méjì ti di ₦10,000, báàgì yẹn ti gba ₦17,000 lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ èrè rárá. Ẹ wá fi ₦4,000 lé e, ìyẹn ti ọjà fúnra ẹ̀, òun lẹ ó fi ra òwú tó bá wọ́n, òun lẹ ó fi tún òfì tẹ́ ẹ fi ń hun aṣọ ṣe tí igi ẹ̀ bá kán, ó di ₦21,000. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, iye òwú lọ́jà yín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ó ṣe máa ṣírò ẹ̀ nìyẹn.

Ohun míì tí ₦4,000 yẹn wà fún ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ábújá máa ní òun fẹ́ kó mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ní kẹ́ ẹ dín in kù fóun torí òun náà fẹ́ tún un tà. Tó bá jẹ́ ₦17,000 lẹ ti ń tà á bọ̀, inú owó iṣẹ́ ọwọ́ yín lẹ ó ti yọ ọ́ fún un. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà wá pé wọn ò ní rà á. Òótọ́ ni, àwọn kan ò ní rà á. Báàgì tí máṣíìnì ṣe wà lọ́jà tí kò wọ́n, ẹni tó kàn ń wá ohun tó máa kó ẹrù sí, kó lọ ra ìyẹn, kò sí ìjà. Ẹ ò lè bá wọn du iye owó láéláé, kẹ́ ẹ má tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Tí ẹni tó ti ń rà lọ́wọ́ yín tipẹ́ bá ń ná an, ẹ má gé owó, ènì ni kẹ́ ẹ fi sí i. Àgékù aṣọ tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ yẹn, ẹ fi rán pọ́ọ̀sì kékeré tí fóònù lè wọ̀, kò ná yín ní nǹkan púpọ̀, inú oníbàárà á dùn dọ́ba, iye tẹ́ ẹ̀ ń tà á náà ò ní bàjẹ́, torí ẹni tẹ́ ẹ bá dín in fún máa sọ fún ẹlòmíì, ẹlòmíì yẹn náà á ní iye yẹn lòun máa san. Ní ti àwìn, mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn, ẹ má ta àwìn fún iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe fáwọn. Ẹ gba àsansílẹ̀, ó kéré tán ìdajì, torí tẹ́ ẹ bá ti kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó sára nǹkan, ta ló tún máa rà á? Kẹ́ ẹ sì wo inú akáǹtì tiyín kẹ́ ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀, kì í ṣe álẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi hàn yín lórí fóònù tiwọn.

Ó kan fọ́tò. Ẹni tó wà l'Ábújá ò lè fọwọ́ kan ọjà yín, ojú ló fi ń rà á. Ẹ gbé e síta láàárọ̀, bí aago mẹ́jọ, sábẹ́ ìbòòji ilé, kì í ṣe inú oòrùn, kẹ́ ẹ sì pa flash. Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri tí ò ní nǹkankan lára tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní, ẹ kó ìgò epo àti sílípáàsì ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Fọ́tò mẹ́rin ti tó: èyí tó hàn lódindi, èyí tí ẹnì kan gbé e kọ́ èjìká kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, èyí tẹ́ ẹ sún mọ́ débi téèyàn á fi rí fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe gba àárín ara wọn, àti èyí tó fi inú ẹ̀ hàn. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ kọ gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀ ní ínṣì. Tí àwọ̀ inú fọ́tò bá yàtọ̀ sí bó ṣe rí lójú, ẹ tún un yà, torí oníbàárà tó retí pupa fòò tó wá gba pupa rúsúrúsú ò ní padà wá, kò sì ní sọ ìdí ẹ̀ fún yín.

Fídíò kékeré tún ń tajà ju fọ́tò lọ. Tí ìyá tó ń hun bá jókòó síwájú òfì tó dúró lóòró yẹn, tó ti òwú gba àárín, tó wá mú pátákó pẹlẹbẹ tí ọwọ́ ti mú dán yẹn tó fi gbá a wálẹ̀, gbà, gbà, tó tún ti òmíì, ẹ ya ìyẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá ogún, ẹ jẹ́ kí ìró pátákó yẹn dún ketekete, ẹ má fi orin kankan bò ó. Ẹni tó bá ti rí bí ọwọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ léraléra kí aṣọ tó fi díẹ̀ gùn sí i, ó máa ṣòro kó tún ní ọjà yín wọ́n. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ìyá yẹn kẹ́ ẹ tó gbé ojú ẹ̀ síta ṣá.

Lórí fóònù, ẹ lo WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Katalọ́ọ̀gì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè kó fọ́tò àti iye owó sí, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, líǹkì kan péré lẹ ó fi ránṣẹ́ sí i. Status máa ń kúrò lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ má gbára lé òun nìkan. Broadcast list, tẹ́ ẹ lè fi fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan máa ń gba èèyàn 256, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sèéfù nọ́ńbà yín ò ní rí i rárá, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ sọ fún un níbi tó ti ń sanwó pé "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sèéfù nọ́ńbà mi, tí àwọ̀ tuntun bá jáde màá fi hàn yín." Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ti tó, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà. Tẹ́ ẹ bá ń fi àdúrà àti ẹ káàárọ̀ ránṣẹ́ lójoojúmọ́, wọn ò ní ṣí i mọ́.

Kẹ́ ẹ sì máa sọ ìtàn iṣẹ́ yín. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń hun aṣọ nílẹ̀ Ọ̀kun yìí, tàwọn ará Bùnú tó wà lára àwa Ọ̀kun lókìkí débi pé onímọ̀ kan wá láti òkè òkun wá gbé àárín wọn, tó sì kọ ìwé nípa aṣọ wọn. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré: ta ló hun ún, ìlú wo ló ti wá, ọjọ́ mélòó ló gbà, báwo ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní ìpò yẹn, ìsìnkú àwọn èèyàn pàtàkì ni wọ́n ń lò ó fún ní Bùnú, kì í ṣe aṣọ téèyàn ń gé ṣe bàtà. Òwú pupa lè wọ inú aṣọ míì, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ìpò gan-an fún nǹkan títà, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ná.

Ọjà kan wà nítòsí wa tí ọ̀pọ̀ ò kà sí, kámpù NYSC tó wà ní Asaya ní Kàbà níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn àgùnbánirọ̀ ń lò níbẹ̀, wọ́n wá látìpínlẹ̀ oríṣiríṣi, wọ́n sì máa ń fẹ́ mú nǹkan kékeré dání lọ. Ẹ bá àwọn tó ń tajà ní mámì, ìyẹn ọjà inú kámpù, sọ̀rọ̀ kí wọ́n bá yín gbé e sórí tábìlì. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, torí náà ẹ̀gbà ọwọ́, kéèhódà àti pọ́ọ̀sì kékeré ni kẹ́ ẹ kó lọ, ẹ fi báàgì ńlá sílẹ̀ sílé.

Tó bá di ọ́dà ayẹyẹ, ẹ ka ọjọ́ kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ẹnì kan ní òun fẹ́ pọ́ọ̀sì 100 tí wọ́n máa fi ṣe súfẹ́níà níbi ìsìnkú bàbá òun, tẹ́ ẹ bá lè ṣe mẹ́ta lóòjọ́, ọjọ́ 34 nìyẹn, láìka ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ tára ò yá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan lé e. Tí kò bá bọ́ sí i, ẹ sọ fún un pé kò ní ṣeé ṣe. Wọn ò ní torí súfẹ́níà sún ìsìnkú síwájú, èyí tó bá sì dé lọ́jọ́ kejì ẹ̀, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ti Kérésì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ́dà láti September, tó bá ti di àárín November kẹ́ ẹ má gba tuntun mọ́.

Fífi ránṣẹ́ ò le. Ẹ di í sínú nylon méjì, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á àti tiyín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà àti ti ọkọ̀ ẹ̀ ní páàkì, ẹ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì ti sọ ẹni tó máa san owó waybill. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹ pè é, ẹ bi í ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tí síìpù bá já láàárín oṣù kan, ẹ bá a pààrọ̀ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má bá a jiyàn.

Ìgbà tí ọ́dà bá ti ju ọwọ́ yín lọ lẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ ń gbòòrò, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, torí iṣẹ́ tí ẹlòmíì bá yín ṣe, orúkọ yín ló wà lára ẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan tó dáa jù pamọ́ kó jẹ́ òdiwọ̀n, gbogbo èyí táwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tàbí àwọn tó ń bá yín hun bá gbé wá, ẹ gbé e lé e, ẹ wo etí ẹ̀, ẹ wo ojú rírán ẹ̀, èyí tí kò bá bá a mu kó padà. Ẹ san owó wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e wá. Owó òwú ẹ lè fi àjọ kó o jọ kẹ́ ẹ lè ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ jẹ́ kí owó ọjà ní akáǹtì tiẹ̀, kó má dà pọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀. Ẹ forúkọ ọjà yín sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń ṣe é, torí ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ra ẹ̀bùn fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ máa béèrè rìsíìtì àti akáǹtì tó ní orúkọ ọjà lára.

Tó bá ti tó àkókò, ẹ lè gbé ọjà lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́, irú INAC tí National Council for Arts and Culture máa ń ṣe l'Ábújá. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ ó sùn àti owó àyè kẹ́ ẹ tó lọ. Tó bá ju èrè tó lè jáde nínú ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí aláṣọ láti Bùnú, alágbọ̀n láti Yàgbà àti onílẹ̀kẹ̀ láti Ìjùmú jọ san owó tábìlì kan, kí kálukú sì ní ìwé tó ń kọ orúkọ oníbàárà tiẹ̀ sí.